Jenny Hill: Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin Lọ́ńdọ̀nù tí a kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́

Tí ẹ bá gbéra ní Rye Lane ní Peckham, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta ègúsí, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ, tí ẹ fẹsẹ̀ rìn bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ ó dé ẹnu géètì itẹ́ òkú Nunhead. Ọdún 1840 ni wọ́n ṣí i. Igbó ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ìtàkùn ti gun orí òkúta, gbòǹgbò igi ti gbé sàréè mìíràn sókè, ilé ìsìn tó wà láàárín rẹ̀ kò sì ní òrùlé mọ́. Àwọn Yorùbá tó ń gbé àdúgbò yẹn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Inú itẹ́ yìí ni wọ́n sin obìnrin kan sí lọ́dún 1896, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń pè ní Ọbabìnrin àwọn gbọ̀ngàn orin, ìyẹn àwọn music hall. Orúkọ rẹ̀ lórí ìtàgé ni Jenny Hill. Wọ́n tún fún un lóríkì kan, The Vital Spark, bí ẹni ń sọ pé iná tó ń ta pàrà nínú ẹ̀dá, tí kì í jẹ́ kó kú.

Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún ènìyàn, ohun méjì ni wọ́n máa ń bi mí. Wọ́n á ní, kí ló ń jẹ́ music hall gan-an? Wọ́n á tún ní, bó bá lókìkí tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n mọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí music hall bá yé ti mọ ìdí tí wọ́n fi gbàgbé Jenny Hill.

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn yóò rò pé gbọ̀ngàn ńlá kan ni, níbi tí àwọn olówó jókòó jẹ́ẹ́ sí, tí wọ́n ń gbọ́ dùùrù àti fèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ilé ọtí ló ti ṣẹ̀. Àwọn onílé ọtí rí i pé bí ẹnìkan bá ń kọrin nínú iyàrá ẹ̀yìn, àwọn oníbàárà kì í tètè lọ sílé, ife á sì máa kún lórí ara wọn. Nígbà tó yá, iyàrá ẹ̀yìn yẹn di gbọ̀ngàn. Charles Morton, tó ní ilé ọtí kan ní Lambeth, kọ́ gbọ̀ngàn Canterbury sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí tirẹ̀ lọ́dún 1852. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi tàn ká Lọ́ńdọ̀nù, tó sì dé àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wò ó báyìí. Tábìlì wà káàkiri, àwọn ènìyàn ń jẹ, wọ́n ń mu bíà, èéfín tábà ti dúdú sókè. Alága kan jókòó lẹ́bàá pèpéle, tòun ti òòlù onígi lọ́wọ́. Òun ló ń pe àwọn olórin jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi òòlù lu tábìlì bí ariwo bá pọ̀ jù, tó sì ń bá àwọn aláriwo ṣàwàdà. Ẹni tó ń kọrin kò ní gbohùngbohùn. Ó ní láti bá ife tó ń dún jà, kó bá ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pariwo iye owó jà, kó sì bá àwọn tó wá ṣe fàájì, tí kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá, jà. Bí orin bá wọ̀ wọ́n lára, gbogbo ilé á gba ègbè. Bí kò bá wọ̀ wọ́n, wọn kì í fi pamọ́.

Òfin kan wà nídìí èyí, òun ló sì máa ń ru ènìyàn lójú jù. Lọ́dún 1843, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tíátà tó pín ọ̀nà sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré onítàn, tí àwọn òṣèré ń dá ara wọn lóhùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, yóò gba ìwé àṣẹ tíátà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n mutí nínú iyàrá ìwòran. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọtí máa ṣàn bí eré ti ń lọ, ìwé àṣẹ orin àti ijó ni yóò gbà, kò sì gbọdọ̀ ṣe eré onítàn. Bí àwọn music hall bá dá a láṣà, àwọn onítíátà á gbé wọn lọ sí kóòtù.

Nítorí náà, olórin music hall ní láti kó odidi eré sínú orin kan. Kò lè pe òṣèré kejì jáde wá dá a lóhùn. Òun nìkan ni yóò jẹ́ ìyàwó, òun ni yóò jẹ́ ọkọ tó mutí yó, òun náà ni yóò jẹ́ ọlọ́pàá tó wá là wọ́n. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló ní, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn á bọ́ síta. Láàárín ẹsẹ orin kan sí èkejì, ó máa ń fi ẹnu lásán bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, á sọ ìtàn, á ju èébú tó pa ni lẹ́rìn-ín, á fi ojú àti èjìká parí ohun tí kò fi ẹnu sọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn kì í wọ inú ìwé orin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kí n tún yára ya àwọn orúkọ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n máa ń dà pọ̀. Vaudeville ni àwọn ará Amẹ́ríkà pe irú tiwọn. Variety ni wọ́n wá ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n kó tábìlì kúrò tí wọ́n to àga bíi ti tíátà. Pantomime ni eré àlọ́ tí wọ́n máa ń ṣe nígbà Kérésìmesì, tí obìnrin ti máa ń ṣe bí ọ̀dọ́kùnrin akọni inú ìtàn. Concert party tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ẹgbẹ́ kékeré tó ń rìn káàkiri ṣeré ni. Ọ̀nà òkè òkun lorúkọ yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa, tí Hubert Ogunde fi pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ nígbà kan.

Ọdún 1848 ni wọ́n bí Jenny Hill ní Lọ́ńdọ̀nù. Elizabeth Jane Thompson lorúkọ àbísọ rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní ibùdó tí wọ́n ti ń dúró de èrò. Ẹ mọ̀ pé owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè kọjá oúnjẹ òòjọ́. Láti kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ àti bébà ṣe òdòdó. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ń kọrin fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti pé ìgbà tó kọ́kọ́ gun ìtàgé nínú pantomime, ẹsẹ̀ gọ́ọ̀sì ni wọ́n fi í ṣe. Gọ́ọ̀sì ni ẹyẹ ńlá tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ náà wà nínú ikùn ẹyẹ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló jáde nísàlẹ̀, tó ń rìn gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú òkùnkùn, tí kò rí ẹnì kan, tí ẹnì kan kò sì rí i. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín níta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sọ́dọ̀ onílé ọtí kan ní Bradford, ní apá àríwá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ yìí gba àlàyé díẹ̀, nítorí ẹlòmíràn yóò rò pé ńṣe ni wọ́n kọ́ ọ lórin. Ìwé ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ tó so ọmọ mọ́ ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ. Owó kò tó nǹkan, ọmọ kò sì gbọdọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ìwọ̀fà ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, àyàfi pé ìwọ̀fà wa mọ iye owó tí wọ́n yá tí òun ń fi ara ṣiṣẹ́ sìn, ó sì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò san án tí yóò padà sílé. Aago márùn-ún ìdájí ni ọmọbìnrin yìí ti ń jí. Yóò fọ ilẹ̀, yóò fọ ife ọtí onípáànù títí wọn yóò fi máa dán, yóò rọ bíà sínú ìgò. Bó bá di alẹ́, yóò wọ aṣọ olórin, yóò kọrin fún àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá wọ̀lú, aago méjì òru lè lù kó ṣì wà lórí ìdúró. Aago márùn-ún ọjọ́ kejì á tún kò ó lójú.

Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe pé ẹnì kan fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá lè mú àgbẹ̀ tó ti mutí yó dákẹ́ láago kan òru, kò sí gbọ̀ngàn tí yóò bà á lẹ́rù.

Lọ́dún 1866, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń tàkìtì lórí ìtàgé, tí wọ́n ń pè ní Jean Pasta. John Woodley gan-an lorúkọ ọkùnrin náà. Ọkọ kọ́ ọ lókìtì, ó bímọ fún un, lẹ́yìn náà ọkọ bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe di ìyá ọlọ́mọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ nìyẹn, tó ń ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì wá iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń báni wá àyè lórí ìtàgé.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń sọ. Ọ̀kan nínú àwọn abániwáṣẹ́ wọ̀nyí, tí wàhálà rẹ̀ ti sú, kọ lẹ́tà pélébé kan fún un, ó dì í, ó ní kó gbé e lọ fún Emil Loibl, ọ̀gá gbọ̀ngàn London Pavilion nítòsí Piccadilly. Ayọ̀ ni obìnrin náà fi gbé e dé ibẹ̀. Loibl ṣí lẹ́tà náà, ó kà á, ó sì fi hàn án. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí ó má wulẹ̀ dá ẹni tó mú ìwé náà wá lóhùn, ńṣe ni òun fi rán an kó lè kúrò lọ́rùn òun. Àánú ṣe Loibl, ó ní kó wá kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọrin tán, ilé kò gbà. Wọ́n ń pariwo pé kó padà wá. Ẹni tí àyè kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni George Leybourne, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórin tó gbajúmọ̀ jù lọ ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì lákòókò yẹn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀. Leybourne rí i pé òun ò lè kọrin sínú ariwo yẹn. Ó lọ sẹ́yìn aṣọ ìtàgé, ó gbé obìnrin kékeré náà sọ́wọ́ bí ẹní gbé ọmọ, ó sì gbé e padà wá síwájú àwọn ènìyàn.

Láti ìgbà yẹn, orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára ògiri Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Serio-comic ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí pósítà, ọ̀rọ̀ tó tún máa ń da ojú rú. Obìnrin tó ń kọ orin apanilẹ́rìn-ín àti orin tó mú ọ̀ràn dání pọ̀, tó lè pa yín lẹ́rìn-ín ní ẹsẹ kìíní, kó pa yín lẹ́kún ní ẹsẹ kẹta, ni wọ́n ń fi í pè. Àwọn tó ń ṣe bíi wọn lórí ìtàgé kì í ṣe ọmọ ọba tàbí ọmọge olówó. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé kọfí ni. Ọmọ asùnta tó ń ta ìṣáná ni. Ìyá tí ọkọ lù ni. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ mọ ẹni tó ń sọ, nítorí àwọn ni.

Ó tún máa ń wọ ṣòkòtò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe bíi wọn ni 'Arry, ọ̀dọ́kùnrin mẹ̀kúnnù Lọ́ńdọ̀nù tó fi owó ọ̀sẹ̀ kan ra aṣọ aláràbarà, tó ń mu sìgá, tó ń fọ́nnu kiri lọ́jọ́ ìsinmi. Harry lorúkọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í pe H. Àwọn ìwé ìròyìn àwọn ọ̀tọ̀kùlú ń fi 'Arry ṣe yẹ̀yẹ́ lákòókò náà, àti aṣọ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Àwa tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ H yìí kan náà bú rí nílé ẹ̀kọ́ kò nílò kí ẹnì kan ṣàlàyé bó ṣe ń dunni. Jenny Hill pẹ̀lú rẹ́rìn-ín 'Arry, ṣùgbọ́n ó gbèjà rẹ̀ nínú orin kan náà: bó ti wù kó gò tó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, òun sì ni wọ́n máa ń pè bí ogun bá dé. Ọmọ onítọ́jú ẹṣin ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀tọ̀kùlú tó lè kọ ọ́ báyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í mú. Lóde òní, bí olórin bá gbé orin jáde, ohun tí a ń retí ni pé á máa wọlé fún un níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ọ. Nígbà ayé Jenny Hill, kò sí ohun tó jọ ọ́. Olórin máa ń ra orin lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, owó kékeré, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Láàárín àwọn oníṣẹ́, orin náà ti di tirẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ ọ́ lórí ìtàgé. Lẹ́yìn náà, onítẹ̀wé á tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àwòrán olórin náà níwájú ìwé, ní oríṣiríṣi àwọ̀, kí àwọn tó ní dùùrù nílé lè rà á.

Ẹ̀tọ́ láti kọ orin ní gbangba tún jẹ́ ohun ọ̀tọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yẹn sọ pé ẹni tó bá kọ orin olórin níwájú èrò láìgbàṣẹ yóò san ó kéré tán ṣílè 40, ìyẹn pọ́n-ùn 2, fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1870, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Harry Wall sọ ọ́ di iṣẹ́. Ó ń kó ẹ̀tọ́ àwọn orin jọ, ó ń wá àwọn tó ti kọ wọ́n lórí ìtàgé, ó sì ń gbà ṣílè 40 lọ́wọ́ wọn. Nígbà mìíràn, ẹni tó mú kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ariwo náà pọ̀ débi pé ilé ìgbìmọ̀ ṣe òfin tuntun lọ́dún 1882, tó ní bí ẹni tó ni orin bá fẹ́ pa ẹ̀tọ́ yẹn mọ́ sọ́wọ́, kó kọ ọ́ sára ìwé orin náà kí gbogbo ayé rí i.

Nínú gbogbo ìjà yẹn, ohun kan ni olórin lè gbójú lé: owó alẹ́. Bó bá gun ìtàgé, wọ́n á sanwó. Bí kò bá gùn ún, kò sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbajúmọ̀ fi ń ṣe gbọ̀ngàn mẹ́ta, mẹ́rin lálẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Olórin á bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àágùn lára, á pààrọ̀ fìlà àti bàtà bí ẹṣin ti ń sáré nínú kùrukùru Lọ́ńdọ̀nù, á bọ́ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kejì, á tún kọ orin kan náà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni.

Jenny Hill rí owó nídìí rẹ̀, owó gidi. Ó ra ilé kan tó ń jẹ́ The Hermitage ní Streatham, ó ní ọgbà, ó sì máa ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe àríyá níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti di olówó gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, bí èyí tó mú ní Southampton, ṣùgbọ́n kò bá a lára mu. Mo mọyì pé ó tilẹ̀ gbìdánwò. Ọmọ tó ń fọ ife onílé ọtí ní Bradford fẹ́ dúró níbi tí onílé ọtí dúró sí. Lọ́dún 1891, ó rékọjá òkun lọ kọrin ní gbọ̀ngàn Tony Pastor ní New York. Lẹ́yìn náà ló dé Gúúsù Áfíríkà. Ọmọbìnrin rẹ̀, Peggy Pryde, ti di olórin music hall lákòókò yẹn, ó gba ọ̀nà ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ikọ́ ife ti wọ ọ́ lára. Ní ayé ìgbà yẹn, kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹni tó bá rówó á lọ síbi tí oòrùn ti ń ràn tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, á sì máa gbàdúrà. Ẹ ro ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ni oko rẹ̀. Àwọn alẹ́ tí kò lè kọrin ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí mo sì ti wí, alẹ́ tí kò kọrin kò sówó. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1896 ló kú ní Brixton, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Mo wá padà sórí ìbéèrè kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n bá gbàgbé olórin, á jẹ́ pé àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ dára jù ú lọ. N kò gbà. Ẹ wo Marie Lloyd, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ọdún 1870 ni wọ́n bí i, ọdún 22 lẹ́yìn Jenny Hill. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, àwọn gbọ̀ngàn kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, Marie Lloyd wà láàyè, ara rẹ̀ dá, àwọn onígiramafóònù sì pè é wá kọrin sínú ẹ̀rọ wọn. Ọdún 1898, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Jenny Hill, ni iléeṣẹ́ àwo orin tó gbòòrò fìdí múlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Sinimá náà kò bá a. Oṣù Kejì ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń rìn ti àwọn Lumière han ará Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin náà sì ti wà lórí àìsàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ Edison tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti wà ṣáájú. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1890, wọ́n fi irú ẹ̀rọ náà gba ohùn akéwì Tennyson sílẹ̀, wọ́n gba ti Florence Nightingale. Àwọn ẹni ńlá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ bá nílé. Obìnrin tó ń kọrin níbi tí wọ́n ti ń mutí kò sí nínú ẹni tí wọ́n rò pé ó yẹ kí ayé gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́la.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé orin nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan, òun rèé. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ lórí ìwé lónìí, ó lè dà bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹsẹ mẹ́ta, ègbè kan, ọ̀rọ̀ ọmọge ilé kọfí. Ẹ óò máa ronú pé ṣé èyí náà ni wọ́n torí rẹ̀ pariwo tó bẹ́ẹ̀? Kò yàtọ̀ sí pé kí ènìyàn ka ìjálá nínú ìwé láìgbọ́ ohùn ọdẹ rí. Ohun tó wà láàárín ẹsẹ kò sí níbẹ̀, ojú tó ṣẹ́ kò sí níbẹ̀, bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òfin ọdún 1843 ti lé eré náà kúrò nínú ìwé wọ inú ara olórin, ara olórin sì ti wọlẹ̀ lọ ní Nunhead.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò tì. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela, ọdún 1855 ni wọ́n bí i. Ọdún méje péré ni Jenny Hill fi jù ú lọ. Nígbà tí àlùfáà náà wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orin ẹ̀mí lédè Yorùbá tó lé ní 40. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ lálẹ́ òní lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ń lu dùùrù, ó ń kọrin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Ẹ̀gbá. Nínú àwọn méjèèjì, Lọ́ńdọ̀nù ni ìlú Jenny Hill. Àlejò ni Ransome-Kuti níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí, àwọn gbọ̀ngàn kan láti ayé rẹ̀ ṣì dúró. Hoxton Hall wà, ọdún 1863 ni wọ́n kọ́ ọ. Wilton's wà nítòsí Tower of London ní ìlà-oòrùn, ọdún 1859 ni tirẹ̀. Mo lọ sí Wilton's ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Èèyàn á kọ́kọ́ gba inú ilé ọtí wọlé, bíi ti àtijọ́, kó tó já sí gbọ̀ngàn. Àwọn òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ bí okùn ló gbé òkè dúró, ògiri rẹ̀ ti ṣá, wọn kò sì kùn ún. Kò sí eré lọ́sàn-án yẹn. Mo gun òkè lọ dúró sí ìgun tó jìnnà jù sí pèpéle. Nísàlẹ̀, obìnrin kan ń gbálẹ̀ lórí ìtàgé, ó ń kọrin sẹ́nu fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ.